Orí Tí Wọ́n Fá ní Ìdóbà

A kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Ta ló tiẹ̀ lè fá a lẹ́yìn rẹ̀? Ṣé orí lè dá lọ sọ́dọ̀ onígbàjámọ̀ kí ọrùn jókòó sílé? Àwọn ará Ìdóbà mọ̀ pé ó ṣeé ṣe, nítorí wọ́n ti ṣe é.

Amọ̀kòkò ni Àyọ̀ká, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin níṣẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ mọ amọ̀. Iná ni kò mọ̀. Ìyá tó kọ́ ọ níṣẹ́ kú kó tó kọ́ ọ bí a ṣe ń sun ìkòkò. Ìkòkò Àyọ̀ká ń sán nínú iná, ti àwọn ọmọ tó ń kọ́ sì ń bá a sán. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ní Ìdóbà, ọmọ tí ìkòkò rẹ̀ bá sán kì í gba òmìnira lẹ́nu iṣẹ́.

Ìráhùn àwọn òbí pọ̀. Ọ̀dọ̀fin, olórí ìjòyè ìlú, pe àwọn ìjòyè yòókù jọ, kò pe amọ̀kòkò kankan. Ó sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ náà dùn, wọ́n sì pinnu pé kí gbogbo ìyá tó ń kọ́ni padà kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ àgbà amọ̀kòkò kan tí yóò wá láti òkè odò. Àṣà Ìdóbà ni pé ẹni tó bá fẹ́ kọ́ṣẹ́, wọ́n á kọ́kọ́ fá orí rẹ̀. Wọ́n fá ti gbogbo wọn, títí kan àwọn tó ti hewú.

Mímọ amọ̀ ni àgbà náà ń kọ́ wọn. Àyọ̀ká ń mọ ohun tó ti ń mọ láti kékeré. Ọwọ́ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, ọkàn rẹ̀ wà nínú iná. Ó lọ kúnlẹ̀ níwájú Ọ̀dọ̀fin.

"Bàbá, amọ̀ kọ́ ni ìṣòro mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí àgbà náà kọ́ mi bí a ṣe ń dáná ìkòkò."

"Ohun tó tó fún gbogbo ẹgbẹ́ rẹ ni kò tó fún ọ? Àbí orí tìrẹ ló tóbi jù?"

Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Àyọ̀ká dìde, ó lọ.

Àgbà náà padà sílé rẹ̀. Nígbà tí ọjọ́ tí wọ́n máa sun ìkòkò pé, ìkòkò Àyọ̀ká àti ti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́wà ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Síbẹ̀, wọ́n sán lọ́kọ̀ọ̀kan nínú iná. Ó jókòó, ó ń gbọ́ wọn. Kí eérú tó tutù, àwọn òbí ti kó ọmọ wọn lọ.

Ọ̀dọ̀fin bi í pé kí ló dé, ṣé wọn ò kọ́ ọ ni? Àyọ̀ká tú gèlè. Irun rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù ni.

"Bàbá, ẹ fá orí mi, èmi ò sì sí níbẹ̀."

Kò mọ ìkòkò mọ́ títí ó fi kú.

Lónìí, bí wọ́n bá fẹ́ pinnu ohun tí ẹlòmíràn yóò kọ́ ní Ìdóbà, ẹnìkan á ní kí wọ́n lọ pe onítọ̀hún wá ná: a kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Ẹnikẹ́ni ò sọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí Àyọ̀ká kúnlẹ̀.