Orí Jagun àti Koríko Etí Odò

Omíyalé kì í ṣe ẹni tó máa ń gòkè wá sí ìlú láìnídìí. Ìsàlẹ̀ odò ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ló ti kọ́ bí a ti ń hun ìgèrè tí a fi ń pẹja, ibẹ̀ náà ni orí rẹ̀ funfun sí. Agbo-ilé mẹ́ta péré ló wà ní etí odò Ẹlẹ́ja. Gbogbo ará Òkè-Ẹlẹ́ja yòókù, orí òkè ni wọ́n ń gbé. Ará òkè a máa jẹ ẹja, wọn kì í béèrè bí ẹja ṣe dé inú ọbẹ̀.

Ó wá di ọdún kan tí ẹja wọ́n. Àwọn ọ̀dọ́ ti ń da ewé olóró sínú omi, wọ́n ń kó àti ìyá ẹja àti ọmọ rẹ̀. Baálẹ̀ Ọ̀ṣúnlékè pe àwọn ìjòyè rẹ̀ jọ, wọ́n sì fẹnu kò pé àwọn yóò kọ́ ilé kan sí etí odò, níbi tí gbogbo ọmọ ìlú yóò ti máa kọ́ bí a ti ń tọ́jú omi, igi àti ohun ẹlẹ́mìí tó wà níbẹ̀. Ìmọ̀ràn náà dára, ta ni yóò sọ pé kò dára? Jagun Adéwùsì ni wọ́n fi ṣe olórí iṣẹ́. Jagun mọ ogun, ó mọ oko, ó sì mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ṣùgbọ́n bí omi bá ti kọjá orúnkún rẹ̀, ariwo ni yóò máa pa. Ìpàdé mẹ́fà ni wọ́n ṣe. Wọ́n wọn ilẹ̀, wọ́n ka òpó, wọ́n tilẹ̀ yan ẹni tí yóò máa kọ́ àwọn ọmọ. Nínú ìpàdé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, wọn kò pe ẹnì kan ṣoṣo láti ìsàlẹ̀ odò.

Ẹnu oníbàárà ẹja ni Omíyalé ti gbọ́ ọ. Ó ránṣẹ́ sí Jagun lẹ́ẹ̀mejì pé òun fẹ́ bá a sọ̀rọ̀. Èsì tí Jagun fi ránṣẹ́ padà ni pé, "Ẹ sọ fún ìyá kí wọ́n fọkàn balẹ̀. Nítorí tiwọn náà la ṣe ń ṣe é." Omíyalé gbé ọ̀rọ̀ náà mì, ṣùgbọ́n kò dà nínú rẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, lẹ́yìn àkọ́rọ̀ òjò, ariwo àdá ló jí i. Ó jáde, ó rí Jagun àti àwọn ọkùnrin bí ogún nínú koríko gíga tó wà níbi tí odò ti tẹ́jú. Wọ́n ti gé e dé ilẹ̀, wọ́n ti kan èèkàn, wọ́n sì ń ru iyẹ̀pẹ̀ dà sójú àbàtà. Ibẹ̀ ni ẹja àrọ̀ máa ń gùn wá yé ẹyin sí nígbà tí omi bá kọ́kọ́ kún. Láti ayé ìyá ìyá rẹ̀ ni àwọn ará ìsàlẹ̀ odò kì í ti í tẹ koríko náà mọ́lẹ̀ títí oṣù méjì yóò fi pé.

"Jagun! Ẹ dá wọn dúró! Ẹyin wà níbẹ̀!"

"Ìyá, ẹ má bínú," ni Jagun wí, kò tilẹ̀ wojú rẹ̀. "Ibí ló tẹ́jú jù. Baálẹ̀ ti gbà á, lónìí la ó sì fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀."

Inú bí Omíyalé gidigidi. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ṣa ẹ̀kúnwọ́ koríko tí wọ́n ti gé, ó kó o sínú igbá, ó sì kọjú sí òkè. Bí ó ti ń gùn ún ló ń dá sọ̀rọ̀: "Nítorí tiwa! Nítorí tiwa, wọn ò sì lè bi wá léèrè!"

Àṣà ìlú náà ni pé, láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ fi ìpìlẹ̀ ohun kan lélẹ̀, gbogbo ìjòyè a jọ fárí ní àgbàlá Baálẹ̀. Ògúnwándé onígbàjámọ̀ ni í fá a fún wọn. Nígbà tí Omíyalé dé, orí Baálẹ̀ àti ti àwọn yòókù ti ń dán. Ògúnwándé mú abẹ lọ́wọ́, ó ń dúró. Inú ń bí Omíyalé lóòótọ́, síbẹ̀ ó kúnlẹ̀ kí Baálẹ̀ kó tó yíjú sí onígbàjámọ̀.

"Ta ló kù?"

"Jagun nìkan ni, Ìyá. Wọ́n ṣì wà lódò."

"Fá orí Jagun, kí o ṣe tán."

"Ẹ̀n? Jagun ò sí níbí o."

"Mo mọ̀. Fá a bẹ́ẹ̀. Àbí abẹ rẹ ò mú ni?"

Àwọn ìjòyè bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn ní ọjọ́ orí ti ń da ìyá láàmú. Omíyalé kò rẹ́rìn-ín. Ó fọwọ́ gbá àpótí tí Jagun ì bá jókòó lé.

"Àpótí rẹ̀ nìyí, omi nìyí. A mọ̀ pé Jagun lórí, a sì mọ̀ pé fífá ni yóò dára fún un. Kí la tún ń dúró dè é fún?"

Ibi tí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín ni Jagun wọlé, ẹrẹ̀ odò ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Wọ́n rò fún un, ojú rẹ̀ sì yí padà.

"Ta ni yóò fá orí mi nígbà tí n ò sí níbẹ̀? Ṣé ẹ̀yin mọ ibi tí eéwo wà lórí mi ni?"

Omíyalé da ohun tó wà nínú igbá sílẹ̀ níwájú Baálẹ̀. Ẹyin àrọ̀ lẹ̀ mọ́ ìdí koríko, wọ́n pọ̀ bí ọkà bàbà, oòrùn sì ti gbẹ ọ̀pọ̀ nínú wọn.

"Jagun, ẹ ṣeun, ẹ ti bá mi sọ ọ́. Koríko yẹn ni orí àwa ará ìsàlẹ̀ odò. Ẹ fá a kodoro láàárọ̀ yìí. Ẹ ò pè wá, ẹ ò sì bi wá níbi tí eéwo wà. Ilé tí ẹ fẹ́ fi kọ́ ọmọ pé kí wọ́n má pa ẹja run, kó tó ní òpó kan, ó ti pa ẹja ọdún tó ń bọ̀ nínú ẹyin!"

Ògúnwándé ti abẹ bọ àkọ̀. Baálẹ̀ wo ẹyin náà pẹ́, ó fọwọ́ pa orí rẹ̀ tó ń dán, ojú sì tì í. Ó ní kí wọ́n lọ fa èèkàn tu, kí ẹnikẹ́ni má sì gbé òkúta kan sílẹ̀ títí Omíyalé yóò fi fọwọ́ ara rẹ̀ tọ́ka sí ibi tí ilé náà yóò wà. Orí àpáta, lókè ibi tí wọ́n ń so ọkọ̀ ojú omi mọ́, ló tọ́ka sí, ibẹ̀ ni wọ́n sì kọ́ ọ sí. Òun náà ló kọ́kọ́ kọ́ àwọn ọmọ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n koríko tí wọ́n gé kò hù títí omi fi fà, ọdún tó tẹ̀ lé e sì kọjá láìsí àrọ̀ nínú ọbẹ̀ ẹnikẹ́ni, ará òkè àti ará odò. Ìbínú Omíyalé kò tán bọ̀rọ̀. Nígbàkigbà tí wọ́n bá pè é sí ìpàdé, kó tó jókòó, yóò wo gbogbo àgbàlá yíká, yóò sì béèrè pé, "Ṣé ẹni tó ni orí ti dé?"

Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé a kì í fá orí lẹ́yìn olórí.