Mọ́tò Àkọ́rà Fìjàbí

Ká tó yin eré ọkọ̀, ká kọ́kọ́ wo ìdúró rẹ̀. Tọmọdé tàgbà ló ń pa òwe yìí ní Òkè-Ìbùdó, ẹlòmíràn tilẹ̀ lè ti pa á lẹ́ẹ̀mẹta kí ilẹ̀ òní tó ṣú. Ṣùgbọ́n ta ni nínú yín tó mọ ẹni tó fi ojú ara rẹ̀ rí i kó tó di òwe? Fìjàbí ni, ọmọ àgbẹ̀ oníkòkó kan, ọmọ ọdún méjìlélógún tí ìgbéraga rẹ̀ ti ṣíwájú ọjọ́ orí rẹ̀ tipẹ́.

Lọ́dún kan tí kòkó lówó lórí dáadáa, bàbá rẹ̀ ní kó lọ ra mọ́tò tó bá wù ú. Oṣù kan péré ni Fìjàbí tíì fi kọ́ mọ́tò wíwà lọ́wọ́ Láníyan, àbúrò bàbá rẹ̀, ẹni tó fi ọgbọ̀n ọdún wa lọ́rì láì pa adìẹ kan rí. Láníyan mú un lọ wo mọ́tò kékeré kan tí olùkọ́ kan fẹ́ tà. Fìjàbí wo mọ́tò náà bí ẹni ń wo oúnjẹ tó ti kan. Èkó ló gbà lọ, ó sì wa mọ́tò pupa gbàǹgbà kan bọ̀, èyí tí ariwo ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń jí ọmọ ọwọ́ lójú oorun.

"Fìjàbí, mọ́tò yìí ju ọwọ́ rẹ lọ," ni Láníyan wí. "Kékeré yẹn ni kí o fi ṣe àṣìṣe rẹ ná. Tí o bá ṣì í tẹ̀, á dárí jì ọ́. Eléyìí kò mọ̀ ọ́n dárí jini."

"Lọ́rì ló bá yín lára mu, Bàbá Kékeré," ni Fìjàbí fèsì. "Ẹ ò tíì rí eré tí èyí ń sá ni."

Láti ọjọ́ náà, kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Ó dé ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀, eré mọ́tò ni. Ó dé ibi ìsìnkú, eré mọ́tò náà ni, bíi pé òkú náà fẹ́ bá a lọ. Kò sẹ́ni tó gbọ́ kó mẹ́nu kan bíréèkì lọ́jọ́ kan. Bẹ́ẹ̀ ibi tó ń sáré lọ gan-an kò ju ọjà àti ilé lọ.

Ibì kan ṣoṣo tí Fìjàbí ti ń rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ ni iwájú Àrínpé, ọmọbìnrin aránṣọ kan tó wà nísàlẹ̀ ìlú. Ó fẹ́ràn ọmọ náà tọkàntọkàn, a kò ní fi ìyẹn dù ú. Ọdún méjì gbáko ló fi ń bẹ̀bẹ̀ kí àwọn òbí ọmọ tó dá ọjọ́ ìdána fún un.

Ní Òkè-Ìbùdó, ọkọ ìyàwó kì í gun ohunkóhun dé ilé àna rẹ̀. Àwọn obìnrin ilé rẹ̀ ní í ru ẹrù ìdána ṣíwájú, wọn a tò ó kalẹ̀ níwájú àna, òun náà a wá fẹsẹ̀ rìn wá dọ̀bálẹ̀. Àwọn olóyè tó lẹ́ṣin láyé àtijọ́ pàápàá, òkèèrè ni wọ́n ti ń sọ̀ kalẹ̀ lórí ẹṣin. Láníyan rán Fìjàbí létí. Fìjàbí ní kí wọ́n jẹ́ kí àna òun rí ohun tí ọmọ wọn yóò máa jókòó sí.

Ọjọ́ pé. Ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni ilé Bàbá Àrínpé wà. Àwọn obìnrin ti to isu, agolo epo, iyọ̀, oyin, obì àti orógbó kalẹ̀, wọ́n kúnlẹ̀ wọ́n ń kọrin, ni Fìjàbí bá yọ lókè nínú mọ́tò pupa. Agbádá funfun tí wọ́n fi sítáàṣì sí ló wọ̀ wa mọ́tò, ẹ wo ọlọ́gbọ́n. Bó ṣe ń rọ́ bọ̀ nísàlẹ̀ ló rí i pé apá agbádá òun ti já wálẹ̀. Ọmọ tí a kọ́ kì í fi apá agbádá wọ́lẹ̀ dé iwájú àna. Fìjàbí fi ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀ lára ìdarí mọ́tò, ó gbé apá ọ̀tún ká èjìká, ó gbé tòsì náà ká a. Bó ti ń fẹ̀yìn tì láti ṣe fújà náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ na, ó sì rì mọ́ ibi tí a ń tẹ̀ kí mọ́tò sáré. Mọ́tò olùkọ́ ì bá wúkọ́ kó sì kú síbẹ̀. Eléyìí fò.

Àwọn obìnrin figbe ta, wọ́n tú ká. Mọ́tò gun isu, ó fọ́ agolo epo, ó po oyin mọ́ iyọ̀, ó sì wó ògiri ilé ìdáná kó tó dákẹ́. Ọlọ́run ló yọ wọ́n, kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ẹrù ìdána tí ìyá Fìjàbí fi oṣù mẹ́ta kó jọ ni Fìjàbí fi táyà tẹ̀ pa.

Ó bọ́ sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ nínú epo tòun ti agbádá funfun. "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, agbára mọ́tò náà ló pọ̀. Eré rẹ̀ ni…"

Bàbá Àrínpé kò dìde lórí àga. "Gbogbo ìlú ló ti gbọ́ nípa eré rẹ̀," ó wí. "Ká tó yin eré ọkọ̀, ká kọ́kọ́ wo ìdúró rẹ̀. Ìwọ tí o kò lè dá irin dúró lẹ́nu ọ̀nà àna rẹ, bí inú bá bí ọ sí ọmọ mi, kí ni o máa fi dá ara rẹ dúró?"

Gbogbo wọn yíjú sí Àrínpé, nítorí ẹnu ìyàwó ni ìdáhùn wà lọ́jọ́ ìdána. Ó ń wo ìyá rẹ̀, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ilé ìdáná tó wó náà, tó ṣì di ìgbákọ mú.

"Ẹ bá mi ṣa ohun tó kù nínú ẹrù wọn fún wọn, kí wọ́n máa gbé e lọ sílé," ni Àrínpé wí, ó sì di ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ mú wọlé.

Láti ọjọ́ náà ni gbólóhùn Bàbá Àrínpé ti di òwe. Bí ọ̀dọ́ bá fẹ́ fi ohun tó lágbára jù ú lọ bẹ̀rẹ̀, ìbáà jẹ́ mọ́tò, ìbáà jẹ́ oyè tàbí iṣẹ́ ńlá, tí àwọn aláìgbọ́n sì ń pàtẹ́wọ́ fún un, ìgbà náà ni àwọn àgbà máa ń pa á. Wọn kì í dúró dìgbà tó bá kọlu ògiri, nítorí ẹni tó ti kọlu ògiri kò nílò òwe mọ́.