Òwú Ìyá Àwẹ̀ró àti Páálí Òkété

Àlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi rìn títí, ó rí mọ́tò kan lẹ́bàá ọ̀nà, ó ṣílẹ̀kùn, ó wọlé, ó jókòó. Orí Òkété aránjókòó ló jókòó lé, àti orí Àgbọ̀nrín abiyamọ. Ẹ sún mọ́ra. Ẹni tí òtútù bá ń mú, kó wá sábẹ́ ìborùn mi. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ fẹ̀yìn ti ògiri, mo rí yín o, ẹ má tíì sùn.

Ní ìgbà kan rí, àwọn ẹranko ní ọkọ̀ tiwọn. Ẹ má bi mí níbi tí wọ́n ti rà á. Irin ọkọ̀ kò ṣòro fún wọn, táyà kò ṣòro. Ìjókòó inú rẹ̀ ló ṣòro, nítorí ní gbogbo ìlú, Òkété nìkan ló mọ̀ ọ́n rán. Ọwọ́ rẹ̀ kéré, ó yá. Eyín rẹ̀ ló fi ń gé òwú ìránṣọ.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Ẹni tó ni ọkọ̀ ló máa kó ohun tó bá fẹ́ kí ó wà nínú ìjókòó wá, ì báà jẹ́ òwú, ì báà jẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ. Òkété á kó o sínú awọ, á rán an pa. Á fi ihò kékeré kan sílẹ̀ nísàlẹ̀, tí ọwọ́ kan lè wọ̀. Ẹni tó bá ní ọwọ́, bíi Ọ̀bọ, á ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, á fọwọ́ kan ohun tó wà níbẹ̀.

Àwọn ẹlẹ́sẹ̀ pátákò ńkọ́? Pátákò kò mọ òwú yàtọ̀ sí ewé. Nítorí tiwọn ni wọ́n ṣe ní kí Òkété máa so páálí pélébé mọ́ ìjókòó kọ̀ọ̀kan, kí ó kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sí i. Páálí yẹn ni ọwọ́ àwọn tí kò lọ́wọ́.

Erin, tó jẹ́ olórí ìlú, wá fi òfin tì í lẹ́yìn. Bí ẹnikẹ́ni bá fa ìjókòó tó ní páálí ya, tí wọ́n sì bá ohun tí páálí wí nínú rẹ̀, onítọ̀hún pàdánù ọkọ̀ rẹ̀, nítorí ó ti pe oníṣẹ́ ọwọ́ ní òpùrọ́ láìnídìí.

Ẹ rántí òfin yẹn. A máa padà bá a.

Àgbọ̀nrín bí ọmọ kan ṣoṣo, Àwẹ̀ró. Ọmọ náà dùn ún wò, ṣùgbọ́n àyà rẹ̀ kò lágbára. Bí eruku bá fẹ́ sí i, tàbí tí ìyẹ́ ẹyẹ bá bà lé e nímú, àyà rẹ̀ á há, èémí rẹ̀ á máa súfèé. Ìyá rẹ̀ kì í sùn tán. Ojú kan á sùn, ojú kejì á máa ka èémí ọmọ.

Ìyá Ọ̀yà, tó ń gbé lórí Òkè Ìrì, ló ní àgbo tó ń là á láyà. Ọjọ́ márùn-ún márùn-ún ni kí ó máa lọ mu ún. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń gòkè náà, ọyẹ́ sì ti fẹ́ dé. Àgbọ̀nrín mọ̀ pé bí eruku ọyẹ́ bá bo ọ̀nà, ọmọ òun kò ní lè gòkè yẹn mọ́. Ó wá ọkọ̀. Ó rí ọkọ̀. Ó ku ìjókòó.

Òwú ni ó fẹ́, òwú tí kò ní eruku. Ó ti gbin tirẹ̀ láti ìgbà tí Àwẹ̀ró ti ń rá. Ó fi ẹnu já a nígbà tó là, ó fi ahọ́n yọ kóró rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ẹnu rẹ̀ fi bó. Agbọ̀n méjìlá ni ó kó lọ bá Òkété.

Òkété gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé òwú náà. Ó pa ojú dé. Ó rò ó pé gbogbo ayé òun, orí ilẹ̀ líle ni òun ń sùn, tí òun sì ń rán ìjókòó rọ̀gbọ̀kú fún gbogbo ìlú. Kí ló dé tí òun náà kò ní sùn sórí òwú? Ó kó agbọ̀n méjìlá náà wọ inú ihò rẹ̀.

Kì í sì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́. Ó ti ṣe é fún Ẹfọ̀n, ó ti ṣe é fún Ìmàdò. Ẹlẹ́sẹ̀ pátákò ni gbogbo wọn.

Ó mú ìgbálẹ̀, ó gba ilé Awó lọ. Awó ń pa ìyẹ́ dà lásìkò náà, ilẹ̀ funfun, ilẹ̀ dúdú. Òkété ní òun kàn fẹ́ bá a gbálẹ̀ ni. Awó súre fún un títí, ó ní ọmọlúàbí kò tíì tán láyé. Ìyẹ́ àti ìdọ̀tí tó gbá jọ ni ó kó sínú ìjókòó ọkọ̀ Àgbọ̀nrín. Ó fi ẹ̀kúnwọ́ òwú kan ṣoṣo dí ẹnu ihò ìsàlẹ̀. Ó so páálí mọ́ ọn, ó kọ ọ́ gàdàgbà pé ÒWÚ NI. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Wá jókòó, wá jókòó,
*Jẹ́jẹ́.*
Òwú ló kún inú rẹ̀,
*Jẹ́jẹ́.*
Ka páálí, fọkàn balẹ̀,
*Jẹ́jẹ́.*

Àgbọ̀nrín ka páálí. Ó fọkàn balẹ̀. Ó gbé Àwẹ̀ró sórí ìjókòó, wọ́n kọrí sí Òkè Ìrì.

Wọn kò tíì dé ìdajì ọ̀nà tí ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ìyá rẹ̀ rò pé afẹ́fẹ́ ni, ó ti fèrèsé. Ikọ́ náà le sí i. Ètè ọmọ yí dúdú. Àgbọ̀nrín dá ọkọ̀ dúró, ó gbé ọmọ jáde, ó fi ẹsẹ̀ gun ìyókù òkè náà. Mi ò ní sọ bí ó ṣe sáré fún yín. Ẹni tó bá ti gbé ọmọ tí kò lè mí rí mọ̀ ọ́n.

Àgbo Ìyá Ọ̀yà ló yọ Àwẹ̀ró lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí wọ́n fẹsẹ̀ rìn dé ilé, Àgbọ̀nrín padà lọ gbé ọkọ̀ náà, ó wà á lọ bá Òkété. Kò pariwo. Ó ṣàlàyé ohun tí ojú òun rí. Òkété rẹ́rìn-ín.

“Ìyá Àwẹ̀ró, àníyàn yín ti tún bẹ̀rẹ̀. Ṣé ẹ ka páálí?”

“Mo kà á.”

“Kí ló wí?”

“Ó ní òwú ni.”

“Ó parí. Ọmọ yín ni kò lágbára, ìjókòó mi kò ṣe nǹkan kan.”

Ó pe Ọ̀bọ tó ń kọjá lọ. Ọ̀bọ ki ọwọ́ bọ ihò, ó ní òwú ni lóòótọ́, ó sì múlọ́ múlọ́. Àwọn tó dúró nítòsí mi orí. Wọ́n ní abiyamọ tí ọmọ rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan, irú wọn kì í gbà pé àìsàn ni àìsàn.

Àgbọ̀nrín padà sílé. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà wọ́n gbọ́. Ó jókòó, ó ń lá irun ọmọ rẹ̀ bí ó ṣe máa ń ṣe. Ni nǹkan kan bá lẹ̀ mọ́ ọn láhọ́n, lẹ́yìn etí ọmọ. Ó yọ ọ́, ó wò ó. Ìyẹ́ kékeré ni, dúdú, pẹ̀lú àmì tó-tò-tó funfun lára.

Ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ó dìde.

Ó wa ọkọ̀ náà lọ sí iwájú Erin, níbi tí ìlú ti péjọ. Ó ní òun fẹ́ fa ìjókòó òun ya. Erin rán an létí òfin. Ó ní kí ó rántí pé ọyẹ́ kù sí dẹ̀dẹ̀, pé bí òwú bá jáde, ọkọ̀ lọ, ọ̀nà Òkè Ìrì sì dí mọ́ ọmọ rẹ̀ nìyẹn. Òkété náà wà níbẹ̀, ó ń fi irùngbọ̀n ṣeré, ó ní kí wọ́n bá òun gba Ìyá Àwẹ̀ró níyànjú.

Àgbọ̀nrín ní, “Baba, mi ò lọ́wọ́ tí mo lè fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀rọ̀ tó wà lára páálí ni mo gbé ọmọ mi lé. Ọmọ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kú lórí rẹ̀. Mo máa fà á ya.”

Ó gbé pátákò sókè, ó fi la ìjókòó láti òkè dé ilẹ̀.

Ìyẹ́ tú. Ìyẹ́ bo ọkọ̀, ó bo orí Erin, Erin sín. Eruku sọ. Awó tó dúró lẹ́yìn mú ọ̀kan, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì.

“Èmi ni mo ni èyí,” ni Awó wí. “Òkété, ṣé ilẹ̀ tí o bá mi gbá nìyí? Èmi sì ń súre fún ọ!”

Ẹfọ̀n wo Ìmàdò, Ìmàdò wo Ẹfọ̀n. Àwọn méjèèjì dìde lọ sí ìdí ọkọ̀ tiwọn. Wọn kò béèrè òfin lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́.

Kí wọ́n tó yíjú padà, Òkété ti sá lọ. Ihò rẹ̀ ni ó sá sí, ó fẹ́ kó òwú náà pamọ́ sínú igbó. Ṣùgbọ́n òwú tó kó jọ ti kún ihò dé ẹnu, kò ráyè wọlé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹnu fà á jáde, ó ń kó o sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, ó ń kó o sí ti òsì. Ibẹ̀ ni wọ́n bá a.

Erin bi í pé, “Òkété, kí ló wà lẹ́nu rẹ?”

Òkété kò lè fọhùn.

Ọ̀bọ sún mọ́ ọn, ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́nu. “Òwú ni,” ni Ọ̀bọ wí. “Lọ́tẹ̀ yìí, mo ti yẹ̀ ẹ́ wò dé ìsàlẹ̀.”

Àwọn kan ní kí wọ́n mú ọmọ Òkété, kí wọ́n tì í mọ́ inú ọkọ̀ tí ìyẹ́ kún, kí bàbá rẹ̀ lè mọ bí ó ṣe ń dun ni. Àgbọ̀nrín kọ̀. Ó ní ọmọ kò rán ìjókòó, ọmọ kò kọ páálí. Ohun tí òun fẹ́ ni òwú òun, kí Òkété sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún un rán lójú gbogbo ayé, kí ọyẹ́ tó dé. Bákan náà ni kí ó ṣe fún Ẹfọ̀n àti Ìmàdò. Láti ọjọ́ náà lọ, kó tó so páálí mọ́ ìjókòó, ó gbọ́dọ̀ là á sílẹ̀ kí ọlọ́kọ̀ rí inú rẹ̀ dé ìdí.

Òkété rán an. Ṣùgbọ́n ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tó fà kò padà mọ́, ó di àpò títí dòní. Bí ẹ bá rí i lóko, ẹ wò ó dáadáa.

Ọyẹ́ dé, ó bo ọ̀nà. Àgbọ̀nrín wa ọkọ̀ gun Òkè Ìrì. Nígbà tí ó yíjú wẹ̀yìn, Àwẹ̀ró ti sùn lọ lórí òwú. Ìyá rẹ̀ tẹ́tí sí èémí rẹ̀: ó wọlé, ó jáde, kò súfèé. Kò kà á dé mẹ́wàá tó fi jáwọ́ nínú kíkà.

Ìdí àlọ́ mi rèé: ohun tí o bá kọ sára iṣẹ́ ọwọ́ rẹ, kí ó jẹ́ ohun tó wà nínú rẹ̀, nítorí ẹni tí kò lè yẹ̀ ẹ́ wò á gbé ọmọ rẹ̀ lé e. Bí mo bá fi irọ́ kún inú àlọ́ yìí, kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi wú bíi ti Òkété. Ẹ fọwọ́ kàn án. Ṣé ó wú?