Pásítọ̀ àti Ògbufọ̀ Rẹ̀

Ọkùnrin kan wà tó jẹ́ pásítọ̀ ìjọ kan létí ọ̀sà. Yorùbá jókòó lápá ọ̀tún, Ègùn jókòó lápá òsì, òrùlé kan ṣoṣo ló bo gbogbo wọn. Inú pásítọ̀ máa ń dùn sí èyí gan-an. Àmọ́ kò gbọ́ Ègùn rárá, ló bá mú ọmọ Ègùn kan tó ń jẹ́ Sẹ̀wánù, ó fi ṣe ògbufọ̀. Bí pásítọ̀ bá ti sọ gbólóhùn kan, Sẹ̀wánù á sọ ọ́ lédè Ègùn. Bí pásítọ̀ bá fò sókè, òun náà á fò. Bó bá nu òógùn, òun náà á nu òógùn. Pásítọ̀ fẹ́ràn ẹ̀ bí ọmọ. Ó máa ń sọ fáwọn alàgbà pé, "Ẹni tó máa gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ mi nìyẹn."

Lọ́jọ́ kan, ìwàásù ń lọ, àfi bí àwọn Ègùn ṣe bú sẹ́rìn-ín. Pásítọ̀ dúró.

"Sẹ̀wánù, kí ni mo sọ tó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín?"

"Ẹ má bínú, sà. Òwe wa kan ni mo fi là á yé wọn."

"Òwe kẹ̀! Ṣé èmi pa òwe ni? Ohun tí mo bá sọ ni kó o sọ. Ẹnu mi ni mo fi ẹ́ ṣe o, mi ò fi ẹ́ ṣe orí mi."

Gbogbo ìjọ rẹ́rìn-ín. Sẹ̀wánù náà rẹ́rìn-ín, ó tẹrí ba. Kò dán irú ẹ̀ wò mọ́. Ọdún ń gorí ọdún.

Nígbà tó yá, àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lu pásítọ̀. Ara ẹ̀ ń mókun díẹ̀díẹ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ ò jáde lẹ́nu ẹ̀ mọ́. Ìjọ bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Yorùbá ń wá pásítọ̀ tiwọn, Ègùn ń wá ibòmíì tí wọ́n máa lọ. Ọkàn pásítọ̀ ò balẹ̀, àmọ́ ó ń rò ó pé, ṣebí Sẹ̀wánù wà. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè kan, wọ́n gbé e wá, wọ́n fi í jókòó síwájú. Ó na ọwọ́ kan tó ṣì ń ṣiṣẹ́ sí orí pẹpẹ, pé kí Sẹ̀wánù gòkè lọ bá àwọn èèyàn sọ̀rọ̀.

Sẹ̀wánù gòkè. Ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ tó máa ń dúró sí náà ló dúró sí, ó fi àárín sílẹ̀ fún pásítọ̀. Ó gbé máìkì sẹ́nu. Ó wá yíjú sí pásítọ̀, ó ń dúró dè é.

Òógùn bo Sẹ̀wánù, kò nù ún. Màmá arúgbó kan ké látàárín àwọn Ègùn, "Sẹ̀wánù, bá wa sọ̀rọ̀ jàre!"

Ó ní, "Màmá, ẹ ní sùúrù. Pásítọ̀ wa ò tíì sọ nǹkan kan."

Pásítọ̀ fẹ́ kígbe. Ètè ẹ̀ ń gbọ̀n, itọ́ lásán ló ń jáde. Ó jókòó síbẹ̀, ó ń wo àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe ń dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, Ègùn gba ọ̀nà tiwọn, Yorùbá gba tiwọn. Wọn ò tún jókòó pọ̀ mọ́ látọjọ́ náà.

Ìwọ aṣáájú tó ń gbọ́ mi yìí, wo ẹni tó ń tẹ̀ lé ẹ dáadáa. Ó mọ bó o ṣe ń rìn, ó mọ bó o ṣe ń wúkọ́. Ṣé o ti gbọ́ ohun tó wà nínú òun náà rí? Lédè tiẹ̀? Lọ jókòó sílẹ̀ lọ́jọ́ Sọ́ńdè tó ń bọ̀, kó o jẹ́ kó sọ ọ́, kódà bí kò bá tiẹ̀ yé ẹ. Má sọ fún mi pé o ṣì lókun. Pásítọ̀ yẹn náà lókun nígbà yẹn. Ó ṣì wà láàyè o. Gbogbo ohun tó yẹ kó ti sọ fún Sẹ̀wánù ló mọ̀ báyìí, kò sì rí i sọ.