Omi Tí Àwẹ̀ró Kò Fi Sẹ́nu

Ẹ dúró ná! Ẹni tó ń rìn lọ, kó fi ẹsẹ̀ kan ti èkejì. Ẹni tó ń gúnyán, kó gbé ọmọ odó sílẹ̀. Ẹ̀yin ìyàwó ilé tí ẹ jókòó lẹ́yìn, ẹ sún mọ́ iwájú, nítorí tiyín gan-an ni ọ̀rọ̀ òní. A kì í gba iwájú ojúbọ Àwẹ̀ró kọjá bí ẹni ń gba ẹ̀yìnkùlé lọ sóko.

Láyé ìgbà tí òkè yìí ṣì jẹ́ òkè lásán, tí ẹnikẹ́ni kò tíì kúnlẹ̀ ní ẹsẹ̀ rẹ̀, àṣà kan wà ní ìlú Ìlasẹ̀ tí àwọn baba wa fi ọwọ́ líle mú. Bí wọ́n bá mú ìyàwó wọlé, ìkòkò omi kékeré kan ni wọn yóò gbé sí ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀. Ọjọ́ tí inú bá bí i, yóò bu omi níbẹ̀, yóò fi sẹ́nu, kò ní gbé e mì, kò ní tu ú, títí ìbínú náà yóò fi rọlẹ̀. Bí ẹkún ló fẹ́ sun, omi ni. Bí ẹ̀rín ló fẹ́ bú jáde lẹ́nu rẹ̀ níwájú àna, omi náà ni. Wọ́n ní bí ilé ṣe ń tòrò nìyẹn. Ilé sì tòrò lóòótọ́, bí ibojì ti í tòrò.

Àwẹ̀ró, aya Ọdẹ́wùmí, gbé inú àṣà yìí títí àwọn orogún rẹ̀ fi ń pè é ní ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ ọ̀kẹ́rẹ́. Kò fèsì. Báwo ni yóò ṣe fèsì, nígbà tí omi wà lẹ́nu?

Lọ́dún kan, ọ̀dá dá. Odò gbẹ, kànga gbẹ, ó ku ìsun omi kan ṣoṣo ní ẹsẹ̀ òkè. Onílasẹ̀ ìgbà náà, ọba tí í gun ẹṣin lọ sí ilé tó kángun sí tirẹ̀, pàṣẹ kí wọ́n fi igi ṣọgbà yí ìsun náà ká, ó ní ti àwọn ẹṣin òun ni. Ibà sì mú Tàlàbí, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí Àwẹ̀ró bí. Ètè ọmọ náà là, ó ń kérora omi. Àwẹ̀ró dìde, ó kọjú sí ọ̀nà ìsun náà.

Ìyá ọkọ rẹ̀ wò ó, ẹ̀rù bà á. “Ìyàwó, ojú rẹ ti pọ́n. Bu omi sẹ́nu kí o tó fa ọ̀ràn sí wa lọ́rùn.”

“Ìyá, ìwọ̀n ẹnu kan ló kù nínú ìkòkò.”

“Ẹnu tìrẹ náà ni mo ń wí.”

Àwẹ̀ró wo omi, ó wo ọmọ. Ó da omi náà sẹ́nu Tàlàbí. Ẹ̀yin ará mi, láti ọjọ́ tó ti wọlé ọkọ, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí inú bí Àwẹ̀ró tí ẹnu rẹ̀ sì ṣófo! Ó pọn ọmọ sẹ́yìn, ó gbé ọmọ odó lé èjìká, ó ń sunkún kíkankíkan lójú ọ̀nà, àwọn obìnrin sì ń jáde láti ojúlé dé ojúlé, wọ́n ń tẹ̀ lé e.

Ọba wà lórí ẹṣin lẹ́nu ọgbà. “Aya ta nìyí? Wọn kò kọ́ ọ láṣà nílé ni? Ẹ fún un lómi kó fi sẹ́nu, jàre!”

“Omi dà, Kábíyèsí? Ẹṣin yín ti mu ún.”

Obìnrin kan rẹ́rìn-ín. Òmíràn gbè é. Ẹ̀rín tí wọ́n ti fi omi tẹ̀ rì láti ayé ìyá ìyá wọn bú jáde, ó di ẹkún, ẹkún di ìbínú, ìbínú sì di ọwọ́ tó ń fa igi ọgbà tu. Àwẹ̀ró gbé ọmọ odó sókè, ó fi lu àpáta, ó ní, “Inú tó ń bí mi kì í ṣe àrùn!” Àpáta là. Omi gbígbóná tú jáde pẹ̀lú èéfín, ó ṣàn lọ bá omi tútù. Ẹṣin ta, ọba bá ara rẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ibẹ̀ náà ló sì ti dọ̀bálẹ̀. Àwẹ̀ró wẹ Tàlàbí nínú omi náà, ibà fò lọ.

Ó pẹ́ láyé, ó rí ọmọ-ọmọ Tàlàbí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ló ń kọrin wọ inú èéfín náà lọ, a kò sì rí òkú rẹ̀ sin. Àwẹ̀ró Asọ-ìbínú-domi! Agbóná-má-jó-ọmọ! Abínú-là-páta!

Ìdí nìyí tí ẹṣin kì í fi í dé ìhín, tí a kì í ṣọgbà yí omi náà ká, tí Onílasẹ̀ fi í fẹsẹ̀ lásán rìn wá bọ Àwẹ̀ró pẹ̀lú obì àti ataare. Ẹni tó bá sọ fún obìnrin níbí pé “dákẹ́”, ó ti jẹ èèwọ̀. Ìkòkò ìyàwó ńkọ́? A ṣì ń gbé e sí ẹnu ọ̀nà, ṣùgbọ́n ìyá ọkọ fúnra rẹ̀ ni í fọ́ ọ lọ́jọ́ ìgbéyàwó, tí gbogbo ilé a sì hó yèè. Lónìí tí í ṣe ọjọ́ ọdún Àwẹ̀ró, obìnrin kọ̀ọ̀kan yóò bu omi tútù sẹ́nu, yóò tu ú sínú omi gbígbóná, yóò sì sọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ìbáà ṣe pẹ̀lú ẹkún, ìbáà ṣe pẹ̀lú ẹ̀rín. Mo ti rí àwọn tó wá pẹ̀lú ojú fífàro tí wọ́n ń jó relé.

Ìwọ arábìnrin tó pa ẹnu dé lọ́hùn-ún, mo rí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ. Má gba ọ̀nà tí o gbà wá padà sílé. Yà sí ibi omi, tu èyí tó wà lẹ́nu rẹ, kí o sì sọ̀rọ̀.