Ọdẹ́yalé àti Ọ̀pá Ìbọn Méjì

Bí àgbà bá ní, "Ọ̀pá tó gùn kọ́ ni ọ̀pá tó tọ́," àwọn ọmọ ìwòyí a máa rò pé ọ̀pá ìtilẹ̀ ló ń sọ. Ọ̀pá ìtilẹ̀ kọ́ ló bí òwe yìí o. Ọ̀pá ìbọn ni, ẹ̀jẹ̀ sì wà nínú rẹ̀.

Nígbà tí ìlú Ìgbóòrò ṣì wà lórí òkè, tí ọ̀yẹ́ ń gbé òórùn igbó jíjó wọlé, tí ìró owú tí alágbẹ̀dẹ fi ń lu irin sì ń jí èèyàn láàárọ̀, ọdẹ kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Ọdẹ́yalé. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni Ògúnwándé alágbẹ̀dẹ. Láti kékeré ni wọ́n ti jọ ń fín èéfín sí ihò òkété.

Lọ́dún kan, ọ̀dá mú. Gbogbo odò gbẹ, ó ku kòtò omi kan ṣoṣo nísàlẹ̀ òkè. Akọ ẹfọ̀n kan tí ara rẹ̀ ti gbọgbẹ́ wá fi ibẹ̀ ṣe ilé. Ẹni tó bá gbé ìkòkò sún mọ́ ọn, yóò lé e. Iná sì ti jó gbogbo koríko àyíká, kò síbi tí ọdẹ lè lúgọ sí. Orí àpáta òdìkejì nìkan ni èèyàn ti lè yìn ín níbọn, ibẹ̀ sì jìnnà púpọ̀.

Ọdẹ́yalé gba ilé arọ lọ, níbi tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ń rọ irin. Ògúnwándé gbé ọ̀pá ìbọn méjì kalẹ̀. Ọ̀kan ga tó èèyàn, ó ń dán gbinrin. Èkejì dúdú, kò sì kọjá àyà.

"Gígùn yìí ni mo mú," Ọdẹ́yalé wí. "Ọ̀pá tó bá gùn ni ọta rẹ̀ ń rìn jìnnà."

"Yóò rìn jìnnà lóòótọ́," Ògúnwándé dáhùn. "Ibi tí yóò rìn lọ ni mi ò mọ̀. Ọjọ́ ọdún ni mo rọ ọ́ fún, kí wọ́n máa gbé e jó. Na òwú gba inú rẹ̀, kó o kọjú rẹ̀ sí oòrùn, wàá rí i pé ó wọ́. Kúkúrú yìí ni mo lù títí tó fi tọ́."

Ọdẹ́yalé rẹ́rìn-ín. "Àbí ẹlòmíràn lo fẹ́ fún ní gígùn yìí ni?"

Ọ̀rọ̀ náà dun Ògúnwándé. Ó fi ìdí onígi sí ọ̀pá gígùn náà fún un.

Lọ́jọ́ kejì, Ọdẹ́yalé sọ fáwọn obìnrin pé, "Ẹ máa bọ̀ níbi omi. Kí ẹ tó débẹ̀, ẹfọ̀n á ti kú." Àyọ̀ká ìyàwó rẹ̀ ló ṣíwájú, nítorí ètè àwọn ọmọ ti gbẹ. Ọdẹ́yalé wo ẹ̀yìn apá ẹfọ̀n dáadáa, ó yìn ín. Nígbà tí èéfín ká, ó rí eruku tó ń sọ lára òkìtì ọ̀gán lókèèrè. Ẹfọ̀n gbórí sókè, ó rí àwọn obìnrin.

"Àyọ̀ká, sá o!"

Ẹsẹ̀ Àyọ̀ká ti kán kí ẹranko náà tó padà lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n gbé e wálé.

"Bàbá Àbíọ́nà," ó bi ọkọ rẹ̀ láti orí ẹní, "ṣé ọwọ́ yín ló gbọ̀n ni?"

Ọdẹ́yalé ì bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n kò purọ́. "Ọwọ́ mi ò gbọ̀n. Ìbọn tó tọ́ ni mi ò yàn. Wọ́n sì kìlọ̀ fún mi."

Àyọ̀ká fa òwú kan nínú èyí tó ti ran sílẹ̀, ó nà án sí i. "Ẹ lọ wò ó wàyí."

Ní ilé arọ, òwú náà fara kan irin láàárín ọ̀pá gígùn. Nínú kúkúrú, gbangba ló kọjá, kò kan ibì kankan. Ojú ti Ọdẹ́yalé, kò lè wo ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni Ògúnwándé bi í: "Ìyàwó ńkọ́?" Lẹ́yìn náà ló fi ìdí sí ìbọn kúkúrú.

Lórí àpáta, ìbọn náà dún lẹ́ẹ̀kan. Ẹfọ̀n kúnlẹ̀, kò dìde mọ́. Àwọn obìnrin ponmi dé tayọ̀tayọ̀.

Ìgbóòrò ti ṣí wá sí etí títì báyìí. Koríko ti bo ilé arọ, Ògúnwándé náà ti lọ tipẹ́. Ṣùgbọ́n títí Ọdẹ́yalé fi darúgbó, bó bá gbọ́ tí wọ́n ń torí ìdúró yan olórí, tàbí torí ẹwà yan aya, yóò kọ́kọ́ wo ibi tí Àyọ̀ká ti ń tiro bọ̀, kó tó rọra wí pé:

"Ọ̀pá tó gùn kọ́ ni ọ̀pá tó tọ́."