Òùngbẹ Ọkùnrin Tó Ń Hun Ẹní

Ọkùnrin kan wà tó ń hun ẹní lábẹ́ igi òdán, ní ìlú kan létí odò. Orí rẹ̀ dàrú nígbà kan rí. Ó ń gbọ́ ohùn àwọn tí kò sí níbẹ̀, ó sì ń rìn nínú ìgbẹ́ láìwọ bàtà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin wá a rí, ó mú un lọ sílé ìwòsàn, wọ́n sì fún un ní oògùn. Àwọn ohùn náà dákẹ́. Ó padà sídìí ẹní rẹ̀.

Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sanra. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún, ikùn rẹ̀ yọ síta. Inú àwọn ará ilé dùn, wọ́n ní ara ti tù ú. Nílé ìwòsàn, ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń bi í: "Ṣé o ṣì ń gbọ́ ohùn?" Á ní òun kò gbọ́ ọ mọ́. Wọn á fún un ní oògùn, á sì máa lọ sílé.

Ṣùgbọ́n òùngbẹ kan ti wọ inú rẹ̀. Bó bá sùn lọ lọ́sàn-án lórí ẹní tí kò tíì hun tán, á lá àlá pé òun dùbúlẹ̀ sísàlẹ̀ odò, omi tútù ń ṣàn wọ ẹnu òun, òun ń mu ún, odò kò gbẹ, òùngbẹ kò sì tán. Bó bá jí, ojú rẹ̀ á máa ṣe bàìbàì, bí ẹni pé kùrukùru odò náà tẹ̀ lé e jáde. Á mu omi, á lọ tọ̀, á tún mu omi. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó mọ̀ pé wọn á ní àìsàn rẹ̀ ti tún dé.

Lọ́jọ́ kan, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá a nídìí ìkòkò omi, ó sì bi í pé kí ló dé. Ó gbé ife omi sílẹ̀.

"Odò kan ni mo máa ń lá lálàá, ẹ̀gbọ́n mi. Mo ń mu ún, kò tó mi."

Àbúrò bàbá wọn tó jókòó nítòsí mi orí. "Ó ti tún dé nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi kún oògùn rẹ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, ẹ ní sùúrù." Obìnrin náà jókòó ti àbúrò rẹ̀. "Àjàgbé, fi ti àlá sílẹ̀ ná. Báwo ni ara rẹ ṣe rí?"

Ọkùnrin náà wo ọwọ́ ara rẹ̀. Láti ìgbà tí orí rẹ̀ ti dàrú, kò sẹ́ni tó bi í bẹ́ẹ̀ rí.

"Òùngbẹ ni. Ó sì ń rẹ̀ mí. N kì í mọ ìka ẹsẹ̀ mi lára mọ́."

Wọ́n lọ sílé ìwòsàn. Ẹ̀gbọ́n náà ní àwọn kò ní kúrò níbẹ̀ àfi tí wọ́n bá yẹ gbogbo ara àbúrò òun wò. Nọ́ọ̀sì gún un níka, ó wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó sì sáré pe dókítà. Ṣúgà ti pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ náà: àtọ̀gbẹ ni.

Dókítà yíjú sí ẹ̀gbọ́n náà. "Oògùn tó ń tọ́jú ọpọlọ rẹ̀ lè mú ènìyàn sanra, ó sì lè mú kí ṣúgà pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Ó yẹ ká ti máa gbé e sórí ìwọ̀n, ká sì máa yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò látìbẹ̀rẹ̀. A kò ṣe é."

Wọn kò já oògùn gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, wọ́n sì fún un ní oògùn àtọ̀gbẹ. Ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ padà. Kò tíì mọ àwọn ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ kan lára títí dòní.

Ìwọ tó ń tọ́jú ẹni tí orí rẹ̀ dàrú rí, odindi ènìyàn ló wà níwájú rẹ. Wọ̀n ọ́n, yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, má fi ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣeré. Bó bá sì ní ibì kan ń dun òun, gbà á gbọ́ bí o ṣe máa gba ọmọ ìyá rẹ gbọ́.